Ṣé O Mọ̀? Awọ́nríwọ́n Rèé, Odídẹrẹ́ Rèé

Ṣé o mọ̀ pé nínú gbogbo aláǹgbá ilẹ̀ Áfíríkà, kò sí èyí tó gùn tó awọ́nríwọ́n etí odò? Ó lè ju mítà méjì lọ, ìrù rẹ̀ nìkan sì gùn ju ara tó kù lọ. Ìrù yìí ló fi ń lúwẹ̀ẹ́, òun náà ló fi ń na ajá tó bá há a mọ́. Odídẹrẹ́ ní tirẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 33 lọ.

Ṣé o mọ ibi tí abo awọ́nríwọ́n ń yé sí? Inú ọ̀gán ni! Nígbà òjò, tí ara ọ̀gán bá rọ̀, á fi èékánná gbẹ́ ihò sí i, á yé ẹyin síbẹ̀, nígbà mìíràn tó 60, á sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ikán onílé ni yóò dí ihò náà padà. Inú ibẹ̀ móoru, ó ní ọ̀rinrin, ọwọ́ ọ̀tá kò sì tètè tó o. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ẹyin fi ń wà níbẹ̀. Òjò mìíràn ló sábà máa ń mú ọ̀gán rọ̀ kí àwọn ọmọ tó rí ọ̀nà jáde. Nínú ohun tí mo mọ̀ nípa ẹranko ilẹ̀ wa, èyí ló yà mí lẹ́nu jù.

Odídẹrẹ́ ńkọ́? Ẹyin mẹ́ta sí márùn-ún péré, nínú ihò igi. Abo ń sàba, akọ ń gbé oúnjẹ wá fún un.

Ṣé o mọ̀ pé ọgbọ́n odídẹrẹ́ ju kó sín èèyàn jẹ lọ? Ní 1977, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Irene Pepperberg, ra ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, ó sọ ọ́ ní Alex. Kí Alex tó kú ní 2007, ó ti ń lo ọ̀rọ̀ tó lé ní 100, ó ń dárúkọ àwọ̀, ó sì ń ka nǹkan dé mẹ́fà.

Ohun kan tiẹ̀ pa ìdílé méjèèjì pọ̀: nínú ẹ̀dọ̀fóró awọ́nríwọ́n ọ̀dàn, ìbátan ti etí odò, ìhà kan ṣoṣo ni afẹ́fẹ́ ń ṣàn sí, bíi ti ẹyẹ.

Ṣé o mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn le mọ́ àwọn méjèèjì? Wọ́n ń fi awọ awọ́nríwọ́n ṣe bàtà àti báàgì. Ti odídẹrẹ́ ló burú jù. Ní Gánà, láti 1992, ó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tó ti pòórá. Ní 2016, CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko igbó, fòfin de títa àwọn tí a mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn.

Láti ilẹ̀ Yorùbá dé Bùràsíìlì àti Kúbà ni wọ́n ti ń fi ìkó odídẹ, ìyẹ́ ìrù odídẹrẹ́ tó pupa, sí iwájú orí ẹni tí wọ́n bá ń ṣe òrìṣà fún. Odídẹrẹ́ máa ń re ìyẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń tọ́jú rẹ̀ nílé lè ṣa ìkó náà nílẹ̀ láìpa á. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé odídẹrẹ́ inú igbó wá tà fún ọ, jọ̀wọ́, má rà á.