Ìdókòwò lórí Ìrètí: Kíkó Odù Jọ ní Ìbẹ̀rẹ̀ Ayò Ọlọ́pọ́n

1. Ìfáárà

Nínú bébà yìí, a fẹ́ ṣe àlàyé ìbéèrè kan tí ó máa ń dojú kọ gbogbo ẹni tí ó ń ta ayò, ní Ilé-Ifẹ̀ àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá: ṣé kí ènìyàn máa jẹ díẹ̀díẹ̀ ni, tàbí kí ó kó ọmọ ayò jọ sí ilé kan títí yóò fi di odù? Àwọn ọ̀pẹ̀ a máa rò pé bí odù bá ṣe tóbi tó ni agbára rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Èrò tiwa ni pé ilé alátakò ni a fi ń mọ iye odù.

2. Bí odù ṣe ń ṣiṣẹ́

Ilé 12 ni ó wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mẹ́rin mẹ́rin ni a fi ń bẹ̀rẹ̀; àpapọ̀ wọn jẹ́ 48. Ẹni tí ó bá jẹ 25 ti borí. Bí ọmọ tí a pín kẹ́yìn bá sọ ilé alátakò di 2 tàbí 3, a ó jẹ ẹ́, a ó sì máa jẹ àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí àwọn náà bá jẹ́ 2 tàbí 3.

Ẹ jẹ́ kí a ka ilé tiwa láti òsì sí ọ̀tún, 1 dé 6, kí a sì gbà pé a ó fo ilé tí a ti kó ọmọ. Odù tí ó wà ní ilé 6 gbọ́dọ̀ ní ọmọ 12, ó kéré tán, kí ó tó lè yí ọpọ́n po kí ó sì tún wọ ilé alátakò. Kò sì gbọdọ̀ ju 17 lọ, nítorí pé ilé 1 tiwa ni ọmọ kejìdínlógún yóò bọ́ sí. Bí ó bá jẹ́ 16, tí ilé márùn-ún àkọ́kọ́ alátakò sì ṣófo tàbí tí wọ́n ní ọmọ kọ̀ọ̀kan péré, a ó jẹ 10 sí 15 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bí ọmọ 2 bá ti wà ní ilé kẹrin rẹ̀, yóò di 4. Ilé karùn-ún nìkan ni a ó rí jẹ.

3. Owó ìdúró

Odù kì í pé lójọ́ kan. Bí a ti ń dúró, ilé márùn-ún yòókù ni a ó máa ta. Ọmọ kan ṣoṣo ní ilé 1 lè fún wa ní ìta márùn-ún kí ó tó wọnú odù. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá tán, a ó tú odù láìtọ́jọ́. Alátakò pàápàá ń kà á. Ó lè ju ọmọ kún un títí yóò fi kọjá 17.

4. Àpẹẹrẹ láti inú káàdì

Irú ìbéèrè yìí wà nínú póka oníkáàdì méje. Káàdì mẹ́ta ni a kọ́kọ́ ń gbà, méjì ní bíbò, ọ̀kan ní ṣíṣí. Mẹ́rin sì kù. Ká ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ irú kan náà, tí a sì ń wá márùn-ún. Bí kò bá sí irú wọn láàárín káàdì márùn-ún tí àwọn mìíràn ṣí sílẹ̀, ìrètí wa tó nǹkan bí 22 nínú 100. Bí mẹ́ta bá wà níbẹ̀, ó di nǹkan bí 11. Ọwọ́ wa kò yí padà, síbẹ̀ owó tí ó tọ́ kí a fi sílẹ̀ ti yí padà.

5. Àgbálọgbábọ̀

Kí a tó dáwọ́ lé odù, ó yẹ kí a wo nǹkan mẹ́ta: bí ilé alátakò ṣe fúyẹ́ tó, iye ìta tí a fi lè dúró, àti bóyá ó lè ju ọmọ kún un. Bí ọ̀kan bá kùnà, jíjẹ díẹ̀díẹ̀ ni ó sàn jù.