Bí Irorẹ́ Bá Bo Ojú Ọmọ Yín

Ọ̀rọ̀ irorẹ́ la fẹ́ sọ lónìí. Irorẹ́ kì í pa èèyàn, àmọ́ ohun tí ọmọ ń kùn sójú nítorí rẹ̀ lè ba awọ rẹ̀ jẹ́.

Kí ló ń fà á? Awọ ojú ní àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí òróró ara ń gbà jáde. Bí ọmọ bá ń bàlágà, òróró yìí á pọ̀ sí i. Bí òun àti awọ tó ti kú bá dí ihò náà, kòkòrò tí ojú ò rí á pọ̀ níbẹ̀, á wú, á sì ṣe ọyún. Àgbà obìnrin náà ń ní in, pàápàá bí nǹkan oṣù bá ń bọ̀. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe àìsàn ọ̀bùn? Ẹ má bú ọmọ pé kì í wẹ̀. Bó bá tìtorí èébú yín fi kànìnkànìn ha ojú, egbò ló máa dá sí i.

Láàárọ̀ àti lálẹ́, kó kọ́kọ́ fọ ọwọ́. Kó fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tí kò le fọ ojú. Àtẹ́lẹwọ́ nìkan ni kó lò. Ọṣẹ dúdú ńkọ́? Eérú inú rẹ̀ lè le jù fún ojú. Bó bá ń ta á, kó fi í wẹ ara. Kó fi aṣọ mímọ́ tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan tẹ omi náà gbẹ. Lẹ́yìn náà, kó kun ìpara fífúyẹ́ tí wọ́n kọ «non comédogène» sí lára, ìyẹn ni pé kì í dí ihò awọ. Òrí àti àdín dára fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀, àmọ́ ojú tí irorẹ́ ń yọ lè máà gbà wọ́n. Kó má sì fún irorẹ́ o: ọyún á wọlé sí i, àpá á kù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yan gàrí ní Savalou, bẹ́ ẹ bá kúrò nídìí iná, ẹ fi omi ṣan òógùn àti èéfín kúrò lójú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣa kajú ní Bantè, omi inú èèpo kóró rẹ̀ ń jó awọ bí iná. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kẹ́ ẹ tó fi kan ojú.

Ó wá ku ìpara àpòpọ̀ tí wọ́n ní ó ń pa irorẹ́, tó sì ń mú awọ mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ojú á jọ̀lọ̀. Ẹ má tíì yọ̀ o! Bí clobétasol tàbí bétaméthasone bá wà nínú rẹ̀, ó kàn ń tẹ wíwú náà rì ni. Tó bá yá, awọ á fẹ́lẹ́, irorẹ́ á sì padà dé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá dáwọ́ dúró, ojú á pọ́n, á máa ta á, á tún sáré padà sídìí ìpara. Ẹni tó ti ń kùn ún tipẹ́, kó lọ rí oníṣègùn kó tó fi í sílẹ̀. Hydroquinone lè mú ojú dúdú bó bá pẹ́. Mercure ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè dé ara ọmọ inú oyún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà á, ẹ rò ó wò: ọmọ oníbàárà, ọmọ yín ni.

Bí fífọ̀ nìkan ò bá tó, ẹ béèrè péroxyde de benzoyle ní fàmasí, èyí tí wọ́n kọ 2,5% tàbí 5% sí. Fẹ́ẹ́rẹ́ ni kó kùn ún lálẹ́. Ó lè mú ojú gbẹ díẹ̀, ó sì ń ṣí àwọ̀ aṣọ. Kó ní sùúrù fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Bí irorẹ́ bá di kókó ńlá tó ń dùn ún, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹni tó bá lóyún, kó sọ ọ́ níbẹ̀, torí oògùn irorẹ́ kan wà, isotrétinoïne, tó ń ba ọmọ inú jẹ́.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ojú ọmọ yín wà lára rẹ̀.