Ilé Amọ̀ Tí Wọ́n Ti Ń Tẹ Ìwé

Ẹ wo ìwé tí ó wà lọ́wọ́ yín yìí. Ta ni ó ṣe é? Báwo ni ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe ń di ìwé? Ilé kan wà ní ilẹ̀ òkèèrè tí ènìyàn ti lè fojú ara rẹ̀ rí ìdáhùn. Ẹ jẹ́ kí á lọ wò ó.

Ibi tí ilé náà wà

Niu Silandi ni orúkọ orílẹ̀-èdè náà. Ó jìnnà púpọ̀ sí wa, àárín òkun ni ó wà. Àwọn Màórì ni ó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1838, bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà kan ti ilẹ̀ Faransé dé ibẹ̀. Jean Baptiste Pompallier ni orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀dó sí etí òkun, ní ìlú Kororāreka. Russell ni wọ́n ń pe ìlú náà nísinsìnyí.

Àwọn oníwàásù ìjọ mìíràn ti dé ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ti ń tẹ ìwé ní èdè Màórì ní Paihia, ní òdìkejì omi. Àwọn Màórì sì fẹ́ràn ìwé gan-an. Bíṣọ́ọ̀bù náà rí i pé òun náà gbọdọ̀ ní ìwé ní èdè àwọn ènìyàn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé láti ilẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n wọn kò ní ilé tí wọn yóò gbé e sí.

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ

Pákó àti òkúta wọ́n, owó kò sì tó. Ní ọdún 1841 sí 1842, wọ́n fi erùpẹ̀ kọ́ ọ, bí wọ́n ti ń ṣe ní agbègbè Lyon ní ilẹ̀ wọn. Àwa náà ń fi amọ̀ kọ́lé. Ṣùgbọ́n àwa ń fi omi pò ó, a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, a wá ń mọ ọ́n ní ìpele ìpele. Ní tiwọn, wọ́n á to pákó sí apá méjèèjì, wọ́n á da erùpẹ̀ tí kò tutù púpọ̀ sáàárín, wọ́n á gún un títí yóò fi le. Lẹ́yìn náà wọ́n á yọ pákó.

Ní ọdún 1845 ogun dé, iná jó púpọ̀ nínú ìlú náà, ṣùgbọ́n ilé yìí kò jó. Ó ti lé ní 180 ọdún báyìí, ó ṣì dúró. Ẹ má gàn amọ̀ o! Bí òrùlé kò bá jò, ògiri amọ̀ a máa pẹ́.

Iṣẹ́ tí ó wà nínú ìwé kan

Bí àlejò bá wọ ibẹ̀, wọ́n máa ń fi iṣẹ́ náà hàn án.

Ẹnì kan ń to lẹ́tà. Òjé ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n ní òdì, bí ìgbà tí a wo ọ̀rọ̀ nínú dígí, kí wọ́n lè hàn dáadáa lórí bébà. Èdè Faransé kì í sábà lo *k* àti *w*, ṣùgbọ́n nínú èdè Màórì wọ́n wà káàkiri. Èdè kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tí ó ń ná jù.

Ẹlòmíràn ń fi tàdáwà kun àwọn lẹ́tà náà. Wọ́n á tẹ́ bébà lé e, wọ́n á fa apá ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ á yọ. Àwọn mìíràn ń ká bébà, wọ́n ń fi òwú rán an pọ̀.

Èèpo ìwé ńkọ́? Awọ ẹran ni. Nínú ilé kan náà ni wọ́n ti ń ṣe awọ. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi ẹfun, wọ́n á họ irun rẹ̀, wọ́n á tún rẹ ẹ́ sínú omi èèpo igi fún ìgbà pípẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí di ọdún 1849. Ìwé tí wọ́n ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀kẹ́ méjì, ìyẹn 40,000.

Ìwé méjì, ọ̀rọ̀ méjì

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 1840, ní Waitangi, tí kò jìnnà sí ibẹ̀, àwọn ìjòyè Màórì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan wà ní èdè Màórì, ọ̀kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò ṣe àkóso ilẹ̀ kò dọ́gba nínú méjèèjì. Àríyànjiyàn rẹ̀ kò tíì tán títí dòní. Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ ìka sí ìwé kankan, ẹ kà á. Bí ó bá wà ní èdè méjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka méjèèjì fún yín.

Ọgbà tí ó yí i ká

Ní ọdún 1850, àwọn oníwàásù náà kó lọ sí ìlú Auckland. Ilé náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Oníṣẹ́ awọ lò ó, lẹ́yìn náà àwọn ìdílé fi ṣe ibùgbé. Àwọn ìdílé yìí ni ó gbin ọgbà òdòdó tí àlejò ń rí lónìí. Bí ẹ bá gun òkè ẹ̀yìn ilé, ẹ ó rí òkun kedere.

Nígbà tí ó pẹ́, àwọn ènìyàn gbà pé ilé tí bíṣọ́ọ̀bù ń gbé ni. Wọ́n ti gbàgbé iṣẹ́ ibẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 1990 ni wọ́n yẹ ilé náà wò fínnífínní, tí wọ́n sì dá ẹ̀rọ àti iṣẹ́ awọ padà sí àyè wọn.

Àwa náà ńkọ́?

Ní ọdún 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn ní èdè Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1867, rògbòdìyàn dé, ó parí. Ohun tí a kò bá tọ́jú, a ó gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé kọ báyìí, ẹ bi àwọn àgbà léèrè nípa ilé amọ̀ àtijọ́ tí ó wà ládùúgbò yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ dáhùn ìbéèrè yìí:

1. Kí ni wọ́n fi kọ́ ilé ìtẹ̀wé náà, kí sì ni ìdí rẹ̀?
2. Iṣẹ́ mélòó ni ó wà nínú ìwé kan? Ẹ dárúkọ wọn.
3. Ilé wo ni ó pẹ́ jù ní ìlú yín? Iṣẹ́ wo ni wọ́n ṣe níbẹ̀ rí?