Ohun Tí Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó Sọ Nípa Ejẹ́ńtì àti Alámòójútó Ilé

Ọ̀pọ̀ ayálégbé ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni kò mọ onílé wọn sójú. Ejẹ́ńtì ló mú wọn wo ilé, òun ló gba owó lọ́wọ́ wọn, òun náà ló sì ń kan ilẹ̀kùn nígbà tí owó ilé mìíràn bá tó san. Bí ejẹ́ńtì bá jẹ́ olóòótọ́, àlàáfíà ni fún onílé àti ayálégbé. Bí ó bá jẹ́ oníjìbìtì, owó tí ènìyàn fi ọdún kan tù jọ lè parẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí òfin fi dá sí iṣẹ́ náà.

Àwọn wo ni òfin mú?

Òfin Ilé Yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún 2011, ka aṣojú, agbẹjọ́rò àti alámòójútó tí onílé fún láṣẹ mọ́ onílé fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ejẹ́ńtì tó bá ṣe ohun tí òfin kà léèwọ̀ kò lè sá sẹ́yìn ẹni tó rán an níṣẹ́. Òfin yìí kò kan àwọn ilé tó wà ní Apápá, Ìkẹjà GRA, Ìkòyí àti Victoria Island.

Ní àfikún, ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe òwò ilé àti ilẹ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ LASRERA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń ṣàmójútó òwò náà.

Owó ilé àti rìsíìtì

Onílé tàbí ejẹ́ńtì kò gbọdọ̀ gbà ju owó ilé ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Fún ẹni tó ti ń gbé inú ilé, kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ bí ó bá ń san owó lóṣooṣù, tàbí ọdún kan bí ó bá ń san án lọ́dọọdún. Ẹni tó gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ ti dẹ́ṣẹ̀, ẹni tó san án náà sì ti dẹ́ṣẹ̀. Ìtanràn rẹ̀ ni ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta.

Dandan ni kí ayálégbé gba rìsíìtì. Ọjọ́ tí a san owó, orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó àti àsìkò tí owó náà wà fún gbọ́dọ̀ hàn nínú rẹ̀.

Owó ìtọ́jú ilé

Bí alámòójútó bá ń gba owó epo jẹnẹrétọ̀, owó ọlọ́dẹ tàbí owó ìmọ́tótó, ó gbọ́dọ̀ fún ayálégbé ní rìsíìtì ọ̀tọ̀. Ayálégbé sì ní ẹ̀tọ́ láti gba àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ná owó náà, ó kéré tán, ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà.

Lílé ayálégbé jáde

Bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ẹni tó ń san owó lóṣooṣù gbọ́dọ̀ gba ìwé ìfitónilétí oṣù kan kí ó tó kó jáde. Ẹni tó ń san án lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ gba ti oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn èyí ni ìwé ọlọ́jọ́ méje yóò tẹ̀ lé e, kí ọ̀rọ̀ tó dé ilé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ nìkan ló lè pàṣẹ kí a lé ènìyàn jáde. Ejẹ́ńtì tó bá fi tipátipá lé ayálégbé, tó ṣí òrùlé lórí rẹ̀, tàbí tó ń halẹ̀ mọ́ ọn, lè san ìtanràn tó tó ₦250,000 tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà.

Bí ẹ ó ṣe dáàbò bo ara yín

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi LASRERA bóyá ejẹ́ńtì náà ti forúkọ sílẹ̀. Ẹ béèrè ìwé tí onílé fi fún un láṣẹ. Ẹ san owó sínú àkáǹtì tó bá orúkọ orí ìwé náà mu, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì yín.

Bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ lọ sí Citizens' Mediation Centre, níbi tí ìjọba ti ń parí ìjà fún ará ìlú láìgba kọ́bọ̀. Ẹni tí kò lágbára láti gba agbẹjọ́rò lè lọ sí Office of the Public Defender. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ara yín gbẹ̀san. Òfin wà fún onílé, ó sì wà fún ayálégbé.