Àwọn Tí Ń La Ojú Àlejò Nínú Mùsíọ́ọ̀mù

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣẹ gẹ́lẹ́, kí ó lọ sí mùsíọ́ọ̀mù iṣẹ́-ọnà òde-òní, níbi tí ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí ó ti san owó ìwọlé, yóò dúró síwájú aṣọ kan tí wọ́n da ọ̀dà sí, yóò tẹ orí sọ́tùn-ún, yóò tẹ̀ ẹ́ sósì, yóò ka orúkọ ayàwòrán àti ọdún tí ó yà á lára páálí kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò sì kọjá sí èkejì láìjẹ́ pé ohunkóhun wọ̀ ọ́ lára. Nítorí irú àlejò bẹ́ẹ̀ ni àwọn mùsíọ́ọ̀mù ńlá ṣe ní ẹ̀ka kan tí àwọn oníwèé ìròyìn kì í sábà dárúkọ: àwọn tí ń mú èrò kiri yàrá, tí ń ṣètò àsọyé, ewì kíkà, orin, àti yàrá iṣẹ́ fún ọmọdé ní gbogbo àkókò tí ìpàtẹ bá fi wà níta. Lójú tèmi, ìdajì ìpàtẹ ni iṣẹ́ wọn, kì í ṣe èènì.

Ẹ jẹ́ kí á fi ẹyọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Museum of Modern Art ti New York, tí wọ́n ń pè ní MoMA, ṣí ilẹ̀kùn ní oṣù kọkànlá ọdún 1929, nígbà tí ọjà owó Wall Street ṣẹ̀ṣẹ̀ dojú dé, tí ọ̀pọ̀ olówó fi ìka àbámọ̀ bọnu. Ní 1937 ni wọ́n pe Victor D'Amico, olùkọ́ iṣẹ́-ọnà, pé kí ó wá dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó sì wà nídìí iṣẹ́ náà títí di 1969. Ìgbàgbọ́ ọkùnrin yìí kò fara sin: kò sí ọmọ tí Ẹlẹ́dàá kò fi ọnà sí nínú, ẹni tí ó bá sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ po ọ̀dà rí ni ojú rẹ̀ ń là sí èyí tí ẹlòmíràn pò.

Èyí tí ó lókìkí jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ọdún àwọn ọmọdé tí wọ́n ń pè ní Children's Art Carnival, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1942. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n ní ọjà D'Amico, àgbà gan-an ni wọn kò fẹ́ rí. Wọ́n ṣe ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ní àwòrán ara ọmọ méjì, ọ̀kan bí ọmọ ọdún mẹ́rin, èkejì bí ọmọ ọdún méjìlá, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ yóò gba èyí tí ó bá a mu wọlé, baba rẹ̀ yóò sì dúró síta, yóò máa yọjú. Yàrá tí ọmọ náà yóò kọ́kọ́ bá kì í ṣe yàrá ẹ̀kọ́ rárá; iná rẹ̀ rọlẹ̀, ohun ìṣeré tí wọ́n dìídì ṣe fún un ni ó kún ibẹ̀: ológbò onírun tí í dáhùn bí ọwọ́ bá kàn án, okùn tí ọmọ lè ta di ọnà, àwòrán tí ó ṣeé tò, tí ó ṣeé tú. Kò sí ẹni tí yóò ní kí ó ya nǹkan kan. Wọ́n kàn fẹ́ kí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ yó. Lẹ́yìn èyí ni yóò bọ́ sí yàrá kejì, níbi tí tábìlì, ọ̀dà àti bébà ti ń dúró dè é, tí yóò sì ṣe èyí tí ó bá wù ú. Olùkọ́ kì í gbé iṣẹ́ ẹlòmíràn síwájú rẹ̀ pé kí ó dà á kọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí pé ta ni ó ṣe ipò kìíní. Wọ́n gbé ọdún yìí lọ sí Milan àti Barcelona ní 1957, wọ́n gbé e lọ sí Brussels ní 1958, ó sì dé ilẹ̀ Íńdíà nígbà tí ó yá. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo rò pé D'Amico ì bá fi tọwọ́tẹsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ náà.

Kì í ṣe ọmọdé nìkan ni MoMA ń ṣe é fún. Láti 1944 sí 1948, wọ́n ṣí yàrá iṣẹ́ fún àwọn jagunjagun tí ó ti ojú ogun dé. Láti 1972 ni wọ́n ti ń mú àwọn afọ́jú wá fi ọwọ́ kan ère, nínú ilé tí ẹ̀ṣọ́ ti ń jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá na ìka. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wọ̀ mí lára jù ni èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006 fún àwọn àgbà tí àrùn Alzheimer ń jẹ ìrántí wọn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí mùsíọ́ọ̀mù náà kì í ṣí fún ará ìlú nígbà náà, ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn àti ẹni tí ń tọ́jú wọn. Wọn yóò jókòó síwájú àwòrán, olùkọ́ kò sì ní bi wọ́n ní orúkọ ẹni tí ó yà á, nítorí pé ìtìjú ni ìbéèrè tí ó bá nílò ìrántí yóò mú wá. “Kí ni ẹ rí níbẹ̀?” ni yóò bi wọ́n. Màmá tí kò dá ọmọ tí ó mú un wá mọ̀ mọ́ lè wò ó títí, kí ó ní inú ń bí obìnrin tí ó wà nínú àwòrán yìí, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀.

N kò ní purọ́ pé gbogbo irú ètò báyìí ni ó ní láárí. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́: bí wọ́n bá ní ìwọlé di ọ̀fẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, tí ọtí àti olórin wà níbẹ̀, èrò yóò rọ́ wá, wọn yóò ya fọ́tò, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò sì relé láìwo ara ògiri. Èyí tí ó bá ìpàtẹ mu ni mo ń wí, irú èyí tí ó wáyé ní 2015, nígbà tí MoMA pàtẹ àwòrán 60 tí Jacob Lawrence, adúláwọ̀ ará Harlem, parí ní 1941 nípa bí àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe kó kúrò ní gúúsù Amẹ́ríkà lọ sí àríwá. MoMA ni ó ni ìdajì àwòrán wọ̀nyí, Phillips Collection ti Washington ni ó ni ìdajì kejì, nítorí náà kò wọ́pọ̀ kí gbogbo wọn pàdé lójú kan. Elizabeth Alexander, akéwì, ni ó ṣa àwọn akéwì mẹ́wàá jọ, Rita Dove àti Yusef Komunyakaa wà nínú wọn, pé kí wọ́n fi ewì dá àwòrán náà lóhùn. Ó bọ́ sí i gan-an, nítorí Lawrence alára kọ ọ̀rọ̀ ti àwòrán kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn.

Irú ìdàpọ̀ ọnà bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì nílẹ̀ wa. Lawrence kan náà yìí ni Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán, pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀ ní 1962, tí òun àti aya rẹ̀, Gwendolyn Knight, tún padà wá gbé ilẹ̀ wa fún bí oṣù mẹ́jọ ní 1964. Ní 1962 náà ni Dúró Ládipọ̀, òṣèré orí ìtàgé, dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, Mbari Mbayọ̀, sílẹ̀ ní Òṣogbo, ìlú aró, tí ó sì fi eré Ọba Mọ́rọ̀ ṣí i. Kò sí ẹni tí ó ya àwòrán sọ́tọ̀ kúrò lára ìlù àti eré níbẹ̀. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ayàwòrán Georgina Beier darí níbẹ̀ ní 1964 ni Twins Seven-Seven, tí í ṣe oníjó, àti Jimoh Buraimoh, tí ń bójú tó iná eré Ládipọ̀, ti di ayàwòrán.

Bí iṣẹ́ àwọn olùkọ́ mùsíọ́ọ̀mù ti níye lórí tó, owó tí wọ́n ń ná lé e kò jọ ọ́. Nígbà tí àrùn kòrónà ti ilẹ̀kùn pa ní 2020, MoMA fòpin sí àdéhùn àwọn olùkọ́ rẹ̀ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ gbére, bẹ́ẹ̀ àwọn ni wọ́n ń mú ọmọ iléèwé kiri yàrá. Nílẹ̀ tiwa, mùsíọ́ọ̀mù tí ń jẹ́ orúkọ Yẹmisí Shyllon, ẹni tí ń kó iṣẹ́-ọnà jọ, ti ṣí láti 2019 nínú ọgbà Pan-Atlantic University, àwọn mìíràn sì ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ̀bẹ̀ mi sí ìjọba àti àwọn olówó tí ń kọ́ wọn ni pé kí wọ́n kọ owó oṣù olùkọ́ sínú ìwé ìnáwó kí wọ́n tó lọ ra àwòrán mìíràn.