Ilé 4600 Labadie: àdéhùn tó ní kí adúláwọ̀ má gbé àdúgbò

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilé ní Amẹ́ríkà, ẹ rọra ka ìwé ilé yín dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ilẹ̀ àtijọ́ níbí, ẹ ó ṣì rí i kà pé adúláwọ̀ kò gbọdọ̀ gbé inú ilé náà, àfi tó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò lágbára mọ́. Ẹjọ́ ìdílé kan ní St. Louis, ìpínlẹ̀ Missouri, wà lára ohun tó gba agbára ọwọ́ rẹ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 1911, onílé 30 ní òpópónà Labadie tọwọ́ bọ ìwé pé fún 50 ọdún, adúláwọ̀ tàbí ará Éṣíà kò gbọdọ̀ gbé ibẹ̀. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé àwọn adúláwọ̀ ti ní ilẹ̀ márùn-ún ládùúgbò náà kí wọ́n tó kọ ìwé ọ̀hún. Ìdílé adúláwọ̀ ti ń gbé orí ọ̀kan láti 1882! (Àwọn bàbá wa l'Ékòó náà mọ irú èyí: Ìkòyí, tí òyìnbó amúnisìn yà sọ́tọ̀ fún ara wọn.)

Ní oṣù Kẹjọ 1945, J.D. Shelley àti Ethel ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n kó wá láti Mississippi, ra ilé 4600 Labadie fún àwọn àti ọmọ mẹ́fà. Wọn kò gbọ́ nípa àdéhùn kankan. Kò tíì pé oṣù méjì tí ìdílé Kraemer, tí ilé tiwọn náà wà lábẹ́ àdéhùn ọ̀hún, fi pè wọ́n lẹ́jọ́ pé kí wọ́n jáde.

Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá Shelley láre, torí kì í ṣe gbogbo onílé ló fọwọ́ sí i. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ Missouri yí i padà lọ́dún 1946. Ni agbẹjọ́rò George Vaughn bá gbé e dé Washington.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún 1948, adájọ́ mẹ́fà tó jókòó fẹnu kò. Àwọn mẹ́ta yòókù kò bá wọn dá sí i. Ibi tí ẹjọ́ náà ti dùn nìyí. Wọn kò ní ìwé àdéhùn náà fúnra rẹ̀ lòdì sófin. Wọ́n ní adájọ́ tó bá lé ènìyàn jáde nítorí rẹ̀, ọwọ́ ìjọba ló fi lé e, Àtúnṣe Kẹrìnlá sí òfin Amẹ́ríkà kò sì gba ìjọba láyè bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, wọ́n ṣì ń kọ irú ìwé yìí. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe onídùúró fún owó ilé, tó ti gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn tẹ́lẹ̀ láti máa kọ ọ́, kò jáwọ́ pátápátá títí di oṣù Kejì 1950. Ó di 1968 kí òfin tó ka kíkọ̀ láti ta ilé fún ènìyàn nítorí àwọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí à ń wá yàrá káàkiri lọ́dọọdún mọ rírì òfin yẹn.

Ilé náà ṣì dúró. Tí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tiyín, àwọn ìpínlẹ̀ bíi California àti Washington gba onílé láyè láti mú ìwé lọ sí ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀, kí wọ́n fagi lé e.