ÒTÚTÙ LẸ́YÌN IṢẸ́ ABẸ: KÍ NI Ó Ń SỌ FÚN WA?

Bí ẹ bá ti gbé ní Apakun rí, ẹ ó mọ̀ pé òtútù kọ́ ni a fi mọ àdúgbò náà. Ojú ọ̀nà tí ó ti Òṣòdì lọ sí pápákọ̀ òfurufú ni ó wà, ilé fara kan ilé, oòrùn oṣù kẹta sì máa ń mú páànù orí ilé gbóná débi pé àwọn mìíràn a gbé ẹní jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní alẹ́. Síbẹ̀, bí a bá lọ kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé, a lè bá a nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú kúbùsù méjì lára àti ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀, tí ó ń gbọ̀n. Àwọn ará ilé a máa wo ojú ara wọn. Ẹnì kan a ní kí wọ́n pa fáànù. Ẹlòmíràn a ní kí wọ́n tètè pe pásítọ̀, nítorí pé òtútù tí ó bá ń mú ènìyàn nínú ooru Èkó, ojú lásán kọ́.

A máa ń bá irú èyí pàdé nínú iṣẹ́ ìbẹ̀wò wa, a kò sì fi ẹni tí ẹ̀rù ń bà ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tí a fẹ́ kí ìdílé gbogbo mọ̀ ni pé òtútù ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Òmíràn wà tí kúbùsù tó fún. Òmíràn wà tí oúnjẹ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ni yóò lé e lọ. Òmíràn sì wà tí ó jẹ́ pé bí a bá fi kúbùsù bò ó mọ́lẹ̀ títí di òwúrọ̀, ẹ̀mí lè bá a lọ. Ọjọ́ tí òtútù náà dé ni ohun àkọ́kọ́ tí a ó bèèrè.

ÒTÚTÙ ỌJỌ́ KÌÍNÍ

Ẹlẹ́dàá ti ṣe ara ènìyàn pé kí ìgbóná inú rẹ̀ má jìnnà sí dígírì 37. Ibì kan wà nínú ọpọlọ tí ó ń ṣọ́ èyí bí adènà. Bí ara bá fẹ́ tutù, a pàṣẹ pé kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ fún pọ̀ kí ooru má bàa jáde. Bí ìyẹn kò bá tó, a ní kí ẹran ara máa gbọ̀n, nítorí gbígbọ̀n a máa mú ooru wá. Oògùn tí wọ́n fi ń kun ènìyàn lóorun nínú yàrá iṣẹ́ abẹ a máa kun adènà yìí náà lóorun. Iṣan abẹ́ awọ a ṣí sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná inú lọ́hùn-ún a ṣàn wá sí apá àti ẹsẹ̀, ooru a sì bá a jáde. Láàárín wákàtí kan péré, ìgbóná inú ara lè fi dígírì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wálẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sí ẹ̀yìn fún ìyá tí wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún, tí ó fi lajú sílẹ̀ tí ó ń gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀, kò yàtọ̀ nínú èyí.

Ẹ wá fi ẹ̀rọ amúlétutù kún un, àti ikùn tí wọ́n là sílẹ̀, àti díríìpù. Àwọn onímọ̀ ti ṣírò rẹ̀ pé lítà kan omi díríìpù tí kò lọ́wọ́ọ́wọ́ lè mú ìgbóná àgbàlagbà wálẹ̀ ní ìdámẹ́rin dígírì kan. Ẹ̀jẹ̀ tí a gbé jáde láti inú fìríìjì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí oògùn bá ń kúrò lójú aláìsàn, tí adènà jí, tí ó rí i pé inú ilé ti tutù, kí ni yóò ṣe bí kò ṣe pé kí ó kígbe? Eyín a máa lu eyín, bẹ́ẹ̀dì a máa mì. Àwọn nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọn a fi kúbùsù bò ó, nígbà mìíràn dókítà a ní kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ pethidine díẹ̀, gbígbọ̀n náà a sì dáwọ́ dúró. Kò sí àjẹ́ nínú èyí.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òtútù yìí kò já mọ́ nǹkan kan. Ní 1996, Andrea Kurz, Daniel Sessler àti Rainer Lenhardt gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lórí 200 ènìyàn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ ìfun fún ní ilẹ̀ Austria. Wọ́n mú ara àwọn kan móoru nígbà iṣẹ́ abẹ, wọ́n tọ́jú àwọn yòókù bí ìṣe ìgbà náà. Nínú àwọn tí ara wọn móoru, mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ni ojú abẹ wọn gba kòkòrò. Nínú àwọn tí ara wọn tutù, ó jẹ́ 19 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí rẹ̀ ni pé bí iṣan abẹ́ awọ bá fún pọ̀ nítorí òtútù, ẹ̀jẹ̀ tí ń bá kòkòrò jà kì í dé ojú ọgbẹ́ bí ó ti yẹ. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kúbùsù ti di ọ̀rọ̀ ìwòsàn. Ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi mímú ara aláìsàn móoru sínú ìlànà tí wọ́n fi ń dènà kòkòrò ojú abẹ. Ní Bìrìtéènì, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ń gbé, ìlànà àjọ NICE ti 2008 ní kí a sọ fún aláìsàn ṣáájú pé ilé ìwòsàn lè tutù ju ilé rẹ̀ lọ, kí ó mú aṣọ tí ó nípọn àti bàtà inú ilé dání, kí ó sì sọ̀rọ̀ bí òtútù bá ń mú un.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń di ẹrù ilé ìwòsàn, ẹ má gbàgbé kúbùsù, ìbọ̀sẹ̀ àti fìlà. Pọ́ọ̀lù àpọ́sítélì pàápàá, nínú ẹ̀wọ̀n, ránṣẹ́ sí Tímótì pé kí ó bá òun mú aṣọ òtútù tí òun fi sílẹ̀ ní Tíróásì wá. Kò rí i bí àìnígbàgbọ́.

OORU TÍ Ń PANI LÁRA

Ìfẹ́ tí ìdílé ní lè ṣe ìpalára níhìn-ín. Ẹni tí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn kò tíì kúrò lára rẹ̀ kò mọ̀ bí nǹkan bá ń jó o lẹ́sẹ̀. Bí a bá gbé ìgò omi gbígbóná tì í, awọ lè bó kí ó tó mọ̀. Ẹyín iná nínú yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa a máa mú atẹ́gùn olóró jáde tí kò ní òórùn, gbogbo ilé ni ó sì lè pa mọ́ ojú oorun. Robb àti Aboniki ń ta awọ lásán ni, wọn kì í mú inú ara gbóná, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n dé ìtòsí ojú abẹ. Ní ti ògógóró àti páráàgà tí àwọn àgbà kan ń sọ pé ó ń lé òtútù, àwa kò ní jà lórí ìwàásù báyìí. Iṣan abẹ́ awọ ni ọtí ń ṣí, ooru a sì tún bọ́ síta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ooru àjù náà ní tirẹ̀. Ní Zaria, níbi tí àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun ti ń fi omi tí ó gbóná janjan wẹ̀, tí wọ́n ń sùn lórí ibùsùn amọ̀ tí a dáná sí lábẹ́, tí wọ́n sì ń mu ẹ̀kọ oníkáún, àwọn dókítà Davidson àti Parry kọ̀wé ní 1978 nípa ọ̀pọ̀ ìyá tí ọkàn wọn kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ bí ó ti yẹ. Wọ́n ka ooru àti káún náà mọ́ ohun tí ó dá kún un.

ÒTÚTÙ TÍ Ó DÉ LẸ́YÌN ỌJỌ́ MÉLÒÓ KAN

Èyí ni ó ń bà wá lẹ́rù jù. Aláìsàn ti délé, ó ti ń jẹun, ó ti ń rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kẹrin tàbí ọjọ́ keje, òtútù ńlá kan dé, ó gbọ̀n títí, lẹ́yìn náà ara rẹ̀ gbóná bí iná. Ní Èkó wa níhìn-ín, ọ̀rọ̀ tí ń jáde lẹ́nu gbogbo ènìyàn ni “ibà ni.” Wọn a sáré lọ sí kẹ́míìsì, wọn a ra oògùn ibà, wọn a sì máa retí. Lóòótọ́, ó lè jẹ́ ibà. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé kòkòrò ti wọ ojú abẹ, tàbí inú ilé ọmọ, tàbí ẹ̀dọ̀fóró, tí ó sì ti ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ káàkiri. Ẹni tí a ti là lára kò yẹ ní ẹni tí a ń fi ojú wo ibà rẹ̀.

Kí ìdílé ní tẹmómítà. Bí ó bá fi 38 hàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Bí kò bá tó 36 lẹ́yìn tí ẹ ti bo aláìsàn dáadáa, ìyẹn náà kì í ṣe ohun tí a ń sùn lé lórí, nítorí àrùn inú ẹ̀jẹ̀ a máa mú ara ẹlòmíràn tutù dípò kí ó gbóná. Ẹ wo ojú abẹ: ṣé ó pọ́n, ṣé ó wú, ṣé ọyún ń jáde, ṣé ó ń rùn? Ṣé ó ń mí lemọ́lemọ́, tàbí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́? Ẹni tí ara rẹ̀ tutù tí ó tún ń làágùn, tí ojú rẹ̀ funfun, tí ọkàn rẹ̀ ń sáré, tí ikùn rẹ̀ ń wú, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára lọ́wọ́ ni gbígbọ̀n bẹ̀rẹ̀, ẹ ké sí nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n dá a dúró.

Láti Apakun, ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìsọlọ̀ kò jìnnà, LASUTH wà ní Ìkẹjà, LUTH wà ní Ìdí-Àràbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òṣòdì mọ̀ pé ibi tí kò jìnnà lè jìnnà. Kí ẹ tó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ni kí ẹ ti mọ ẹni tí yóò fi ọkọ̀ gbé yín bí ó bá di aago méjì òru. A ó gbàdúrà nínú ọkọ̀ náà.

ÒTÚTÙ TÍ KÒ FẸ́ LỌ

Òmíràn kì í gbọ̀n ènìyàn. Ó kàn jókòó sí i lára fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ìdí tí ó wọ́pọ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ kò tó. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé ooru káàkiri, ẹni tí ó sì pàdánù púpọ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ yóò máa rí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ní tútù, yóò máa rẹ̀ ẹ́ bí ó bá gun àtẹ̀gùn. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Oògùn tí ó ní irin nínú, ẹ̀dọ̀, ẹ̀wà, ẹja àti ẹ̀fọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Oúnjẹ ni igi ìdáná ara, nítorí náà àwa kì í fi ẹni tí ojú abẹ rẹ̀ kò tíì jinná sínú ààwẹ̀, bí gbogbo ìjọ tilẹ̀ ń gba ààwẹ̀ ogójì ọjọ́. Ẹ jẹ́ kí ó jẹun.

Ti àwọn tí wọ́n yọ gègè fún yàtọ̀ pátápátá, ìtàn rẹ̀ sì yẹ ní kíkà. Ní ìlú Bern ní Switzerland, Theodor Kocher mọ iṣẹ́ yíyọ gègè dé ojú àmì, àwọn ènìyàn kì í sì kú mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá. Nígbà tí ó pe àwọn tí ó ti yọ gègè wọn tán pátápátá padà láti wò wọ́n, tí ó sì ròyìn rẹ̀ ní 1883, ohun tí ó rí bà á nínú jẹ́: ojú wọn wú, ọ̀rọ̀ wọn falẹ̀, òtútù sì ń mú wọn ṣáá. Ẹran kékeré ọrùn yẹn ni ó ń sọ fún gbogbo ara bí yóò ti dáná tó. Kocher kò yọ gbogbo rẹ̀ mọ́ fún gègè lásán, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1909 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀ràn yìí.

Lónìí, ẹni tí wọ́n bá yọ gbogbo rẹ̀ fún ń gba oògùn levothyroxine, tí a ń lò láràárọ̀ kí a tó jẹun, títí ọjọ́ ayé. Níbẹ̀ ni ìjọ ti ní láti ṣọ́ra. Àwọn kan ń sọ pé àwọn ti gba ìwòsàn, wọ́n sì ń kó oògùn náà dà nù. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n á máa wọ súwẹ́tà nínú ooru, ohùn wọn á há, wọ́n á máa sùn nínú ìsìn, a ó sì máa lé ẹ̀mí ìdẹra kúrò lára ẹni tí oògùn rẹ̀ wà nínú àpótí ìdọ̀tí. Bí ẹ bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ bi í léèrè ìgbà tí ó lò ó kẹ́yìn.

Ní 1891, kí oògùn oníhóró yìí tó dé, George Murray ní Newcastle fa omi láti inú ẹran ọrùn àgùntàn, ó gún un fún obìnrin ẹni ọdún 46 kan tí ẹran ọrùn tirẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ara obìnrin náà padà bọ̀ sípò. Kò dáwọ́ oògùn náà dúró títí ó fi kú ní 1919, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 74.